Ẹ Ṣí Ilé-Ìwé Àkànṣe Ìjọba Sílẹ̀ fún Ọmọ Ilé-Ìwé Ìjọba

Ní ọdún 2013, nígbà tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé máàkì tí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà kó tó lè wọ ilé-ìwé girama ìjọba àpapọ̀ (Unity School) jáde, ariwo ta káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ gba 133, ọmọ Ògùn 131, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ti Ọ̀ṣun 127. Ti Anambra ló ga jù, 139. Ní Zamfara, ọmọkùnrin tó bá ti gba 4 ti wọlé. Ní Yobe, 2 péré ti tó fún ọmọkùnrin. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ní 2014, Adájọ́ John Tsoho ti Ilé-ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò àgbà Olisa Agbakoba pè, ó ní gbígbé òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kalẹ̀ fún ọmọ nítorí ìpínlẹ̀ tó ti wá, tàbí nítorí pé ó jẹ́ akọ tàbí abo, tako ẹsẹ̀ 42 ìwé òfin ilẹ̀ wa.

Àwọn tó bínú nígbà náà kò ṣe àṣejù. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, bí a bá ti dárúkọ ilé-ìwé dáadáa tí ìjọba ń ná owó lé lórí, Òkè Ọya nìkan lojú wa máa ń lọ. A kì í béèrè pé àwọn ọmọ Èkó tó gba 133 yẹn gan-an, ọmọ ta ni wọ́n? Ilé-ìwé wo ni wọ́n ti jáde? Ta ló san owó lẹ́sìnnì wọn? Èrò ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà fún ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ọmọ méjì lè máa gbé òpópónà kan náà ní Muṣin, kí wọ́n jọ máa pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan náà, kí orí àwọn méjèèjì sì pé dọ́gba. Èyí tó ń lọ sí ilé-ìwé aládàáni á bá ara rẹ̀ ní Model College Kankon tàbí ní Federal Government College Ọdógbolú. Èkejì lè má gbọ́ rárá pé ìdánwò kankan wáyé.

Owó gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé-ìwé tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ìjọba amúnisìn ló dá King's College sílẹ̀ l'Ékòó ní 1909, Queen's College tẹ̀ lé e ní 1927, Government College Ìbàdàn sì dé ní 1929. Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ dá Federal Government College mẹ́ta sílẹ̀, ní Sókótó, Warri àti Okposi, kí ọmọ ẹ̀yà gbogbo lè jọ gbé pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ti Ọdógbolú, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìkìrun àti Ìdóàní dé, àti ti àwọn obìnrin ní Ṣàgámù, Ọ̀yọ́, Àkúrẹ́ àti Ìpetumodù. Lónìí, àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Unity School ti lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri Nàìjíríà. Ìjọba Èkó náà dá àwọn Model College tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, ní Kankon, Badore, Ìgbónlá, Igbókuta àti àwọn ibòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olóye tún wà ní Sùlèjà. Gbogbo wọn ló ní ohun tó pa wọ́n pọ̀: ìdánwò ni ọmọ máa ń ṣe kó tó wọ ibẹ̀, tíṣà tó mọṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ti àdúgbò lọ, yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì wọn sì máa ń ní nǹkan nínú.

A kò lòdì sí ilé-ìwé àkànṣe. Ọmọ tó mọ ìṣirò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ jókòó ti ìṣirò tó ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tí a lòdì sí ni ọ̀nà tí ọmọ ń gbà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọ kan láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì tí àjọ NECO ń ṣe fún Unity School. Òbí ní láti san owó fọ́ọ̀mù, kó ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ, kó lọ sí kàfé, kó sì tún fún ẹni tó bá a tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà ní nǹkan. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kò bá dárúkọ ìdánwò náà níbi ìpàdé òbí, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè pé àkókò ti ń lọ. Ní ilé-ìwé aládàáni, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló máa ń gba fọ́ọ̀mù náà. Ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá wà lórí tábìlì ọmọ láti sáà àkọ́kọ́, lẹ́sìnnì ń lọ títí ọjọ́ fi rọ̀, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló sì ń gbé wọn lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn náà láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kó kàn máa wo yunifọ́ọ̀mù tó ń wọlé.

Ká ní ọmọ wa já gbogbo èyí, ó sì yege. Owó ló kù. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san ní Unity School kúrò ní 45,000 náírà lọ sí 100,000 náírà. Iye yẹn kò sì tíì kan ìwé ẹrù tí wọ́n ń kó lé òbí lọ́wọ́: fóòmù tí ọmọ yóò sùn lé, aṣọ ibùsùn, bùkẹ́ẹ̀tì onírin, àdá, ọkọ́, ìgbálẹ̀ ọwọ̀, tọ́ọ̀ṣì, pádíláàkì fún àpótí, pádíláàkì mìíràn fún kọ́bọ́ọ̀dù, yunifọ́ọ̀mù, aṣọ ìṣeré, bàtà dúdú, sálúbàtà, ìwé kíkà lóríṣiríṣi. Gàrí, ṣúgà, mílíìkì àti sàdíìnì kò tíì wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá rà á tán á mọ̀ pé ó ra nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti gba lẹ́tà pé ọmọ wọn yege, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí wọ́n sì ní kí ọmọ náà máa lọ sí èyí tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn owó, ìwé ọ̀gá tún ń bẹ. Gbogbo ẹni tó mọ ilé-ìwé wọ̀nyí mọ̀ pé kì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n fi ń wọlé: àyè kan wà fún ìpínlẹ̀, àyè wà fún àwọn tó sún mọ́ ilé-ìwé, àyè sì wà tó wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni orúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ sẹ́nétọ̀ àti ọmọ àbúrò ọ̀gá àgbà máa ń gbà wọlé nígbà tí ìdánwò ti parí. Ọmọ ìyá aláta kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè bá a kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀? Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí bí yóò ṣe pín àyè láàárín ìpínlẹ̀, kò sì bìkítà nípa irú ọmọ tó ń gba àyè náà nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé-ìwé bíi mélòó kan, ó kó tíṣà tó dára lọ síbẹ̀, ó ń fi wọ́n yangàn nígbà tí èsì WAEC bá dé, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé girama tó wà ní ìkángun òpópónà kò ní tíṣà Físíìsì kankan. SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìpínlẹ̀, àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àwọn ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í dárúkọ ìdánwò. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní ilé-ìwé ńláńlá ń kọ́ yàrá ìkàwé lé yàrá ìkàwé fún ilé-ìwé tó ti ní tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí fún fífẹ́ràn ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ẹni tó ti ní ni à ń fi kún ti ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, ohun tó ṣí sílẹ̀ ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ilé-ìwé girama kò kárí àwọn ọmọ tó jáde, ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ilé-ìwé mọ́dà (Modern School) sílẹ̀ nígbà náà fún àwọn tí kò ráyè. Ní 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ìwé girama. Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó, sì fi òpin sí ètò tí ọmọ kan ń lọ láàárọ̀ tí òmíràn ń lọ lọ́sàn-án l'Ékòó. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó parí ìwé mẹ́fà ló ń rí ilé-ìwé girama kan wọ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú irú èyí tó máa wọ̀. Bí a bá sì jẹ́ kí ilé-ìwé dáadáa tí ìjọba ní di ti àwọn tó lágbára láti san owó aládàáni tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé tálákà ló ń bá wọn san owó orí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn. Ó tún ní ewu mìíràn tí kì í tètè hàn: nígbà tí ọmọ kọmíṣọ́nnà àti ọmọ alága ìjọba ìbílẹ̀ kò bá sí nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò, kò sí ẹni tó lágbára tí yóò pariwo.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ dẹ́kun títa fọ́ọ̀mù ìdánwò ilé-ìwé àkànṣe tirẹ̀. Kí gbogbo ọmọ ìwé márùn-ún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ṣe ìdánwò kékeré kan nínú kíláàsì tiwọn, ní àkókò ẹ̀kọ́, láìsan kọ́bọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ wọn. Wọ́n ti dán èyí wò níbòmíràn. Ní Broward ní ìpínlẹ̀ Florida l'Amẹ́ríkà, tíṣà tàbí òbí ló gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò fún kíláàsì àwọn olóye. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò. David Card, ẹni tó padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, àti Laura Giuliano tọpa ohun tó ṣẹlẹ̀: iye ọmọ adúláwọ̀, ọmọ àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì àti ọmọ tálákà tó wọ kíláàsì náà ròkè gidi, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ìwọlé kò yí padà. Àwọn ọmọ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò rẹ́ni dárúkọ wọn ni. Nígbà tí owó wọ́n tí wọ́n dá ìyẹ̀wò náà dúró, iye wọn tún já wálẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé bí a bá ṣílẹ̀kùn, ẹ̀kọ́ á bàjẹ́, kó ro ti Broward yìí dáadáa.

Ìdánwò nìkan kò sì tó. Ní New York, òfin ìpínlẹ̀ láti 1971 ti ní ìdánwò kan ṣoṣo ni wọn yóò máa fi gba ọmọ sí àwọn ilé-ìwé girama àkànṣe wọn. Ní 2019, nínú ọmọ 895 tí Stuyvesant, ọ̀kan lára wọn, gbà, 7 péré ni adúláwọ̀. Ìlú tó lówó tó New York kò rí ìdánwò kan ṣoṣo tó lè pín àyè lọ́nà tó bá ìlú mu, torí pé lẹ́sìnnì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ni a fi ń dábàá ohun kejì: kí ìdajì àyè ní gbogbo Model College àti ilé-ìwé àkànṣe ìpínlẹ̀ jẹ́ ti ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, kí wọ́n pín in láti ìjọba ìbílẹ̀ kan dé èkejì, kí ọmọ tó gbégbá orókè ní Ṣakí tàbí Ìgbòkòdá má máa bá ọmọ Ìkẹjà du àyè kan náà. Texas ṣe irú rẹ̀ fún yunifásítì ní 1997, nígbà tí òfin wọn fún ọmọ tó bá wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ṣe dáadáa jù ní ilé-ìwé girama rẹ̀ ní àyè, níbi yòówù kí ilé-ìwé náà wà. Kí a sì fi ohun kan ṣọ́ ọ: ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wà ní ilé-ìwé ìjọba láti ìwé mẹ́rin, ó kéré tán. A mọ ara wa. Bí kò bá sí ìyẹn, àwọn òbí kan á gbé ọmọ wọn láti aládàáni lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní ìwé mẹ́fà, wọn á lò ó fún sáà kan, wọn á gba àyè lọ.

Ẹ̀kẹta ló jẹ wá lógún jù lọ, torí pé méjì àkọ́kọ́ kàn ń tún ìlà tò ni, ìlà náà kò sì dín kù. Model College àti Unity School kò lè tó láé. Kò sí ìjọba tó lè kọ́ ilé ìgbé fún gbogbo ọmọ tó tọ́ sí ẹ̀kọ́ dáadáa, ààbò irú ilé ìgbé bẹ́ẹ̀ sì ti di ìnáwó ńlá: ní oṣù karùn-ún 2017, àwọn ajínigbé wọ Model College Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó ọmọ mẹ́fà lọ, ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ọ̀nà tó yẹ ká gbà ni kíláàsì àkànṣe nínú ilé-ìwé girama lásán, irú èyí tí àwọn ìlú Amẹ́ríkà ti ń dá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé-ìwé girama méjì tí wọ́n yàn: ọ̀kan fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, èkejì fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọnà tàbí èdè, bí ibẹ̀ bá ṣe rí. Kí ọmọ máa ti ilé lọ, kó máa padà wálé jẹun. Kò sí fóòmù, kò sí bùkẹ́ẹ̀tì onírin.

Èrò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1963, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn báyìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ ìwé girama, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, èyí tó ń kọ́ òwò àti èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, olúkúlùkù sì ń lọ síbi tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá darí rẹ̀ sí. Àwòṣe tó yẹ ká ti tàn kálẹ̀ láti ìgbà náà nìyẹn.

Kíláàsì irú èyí lè di ìṣòro fún ilé-ìwé tó bá wà nínú rẹ̀, bí wọn kò bá ṣètò rẹ̀ dáadáa. Bí tíṣà tó mọ Kẹ́mísìrì bá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yòókù pátápátá, a kàn gbé Model College wọnú ọgbà ilé-ìwé lásán ni. Nítorí náà, kí ó jẹ́ òfin pé tíṣà tó ń gba àjẹmọ́nú kíláàsì àkànṣe gbọ́dọ̀ kọ́ kíláàsì yòókù pẹ̀lú, kí yàrá àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ iná oòrùn jẹ́ ti gbogbo ilé-ìwé, kí kíláàsì náà má sì ju ọmọ 35 lọ. Kí ọ̀nà ìwọlé sì jẹ́ méjì: ìbẹ̀rẹ̀ JSS1, àti ìbẹ̀rẹ̀ SS1 lẹ́yìn ìdánwò BECE. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í jí títí wọ́n á fi pé ọdún mẹ́tàlá; ètò tó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá títí ayé, ètò burúkú ni.

Níbo ni owó yóò ti wá? Òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ títí dé JSS3, UBEC, àjọ tó ń bójú tó òfin náà, sì ní owó nílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá kó iye kan náà sílẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìtìjú pé ọdọọdún ni a ń gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan fi owó náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kíláàsì àkànṣe lè jáde láti inú rẹ̀. Fún ọmọ tó bá yege sí ilé ìgbé, kí ìpínlẹ̀ ra gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ẹrù náà fún ọmọ ilé-ìwé ìjọba tí òbí rẹ̀ kò ní. Owó rẹ̀ lè má tó ohun tí à ń ná sórí ayẹyẹ ṣíṣí ilé-ìwé tuntun.

Ní ti ìwé ọ̀gá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí wọ́n gbé e síta. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa tẹ ìṣirò jáde lọ́dọọdún, fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, iye ọmọ tó wọlé láti ilé-ìwé ìjọba, iye tó wá láti aládàáni, àti iye tó wọlé láìdé máàkì tí wọ́n kéde. Kò pọn dandan kí orúkọ ọmọ kankan wà níbẹ̀. Àwọn aṣòfin wa l'Ábújá tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní agbára láti béèrè ìṣirò yìí lọ́wọ́ Mínísítà, ní tààràtà. A kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi agbára náà béèrè ohun tó tó èyí.

Iṣẹ́ tó kù ti àwọn ìpínlẹ̀ ni, kò sì nílò Àbújá. Àjọ DAWN tó wà n'Íbàdàn ni ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá sílẹ̀ láti máa ṣe irú nǹkan báyìí pọ̀. Kí àjọ náà pe àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ jọ kí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ilé-ìwé girama méjì, ó kéré tán, ní ẹkùn ìdìbò sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí kíláàsì àkànṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí wọ́n tó mú un dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà tó bá ní kò sówó fún un, kó sọ fún wa iye tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ UBEC ní ọdún tó kọjá.